Ìtọ́sọ́nà: bí a ṣe ń ka signal omi tó ń kúrò ní jẹ́jẹ́ bọ́ sí rúdurùdu

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe project lórí omi inú páìpù tàbí atẹ́gùn inú wind tunnel, ì báà ṣe Adó, Ọ̀yẹ́ tàbí ibòmíì l'Ékìtì lẹ wà, ohun tí mò ń rí lọ́pọ̀ ìgbà ni pé èèyàn á gba data, á sáré jù ú sínú FFT, ìyẹn ìṣirò tó ń fi hàn bí frequency kọ̀ọ̀kan ṣe lágbára tó nínú signal, á lẹ gíráàfù tó bá jáde mọ́ chapter four, ó parí. Tí omi yín bá ti rú tán pátápátá (turbulence), ìyẹn ṣì lè gbà. Àmọ́ tó bá jẹ́ omi tó ṣì wà lójú ọ̀nà, tó ń lọ jẹ́jẹ́ fún sẹ́kọ́ńdì mélòó kan, tó rú, tó tún rọlẹ̀, irọ́ ni FFT yẹn ń pa fún yín, torí nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ pò pọ̀. Ẹ mú ariwo Ọjà Ọba l'Adó lọ́sàn-án àti tòru, ẹ rò ó pọ̀, ẹ pín in sí méjì, iye ariwo tó máa jáde ò sí lọ́jà yẹn ní wákàtí kankan. Ẹ kọ́kọ́ ya apá tó rọlẹ̀ kúrò lára apá tó rú kẹ́ ẹ tó ṣírò ohunkóhun, ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi ń lọ.

Àpẹẹrẹ tí màá máa lò ni páìpù tí inú rẹ̀ fẹ̀ tó 20 mm, omi tó ń bọ̀ láti táńkì, sẹ́ńsọ̀ prẹ́ṣọ̀ kan tàbí méjì lára páìpù, board kékeré tó ń ka sẹ́ńsọ̀ sínú láptọ́ọ̀pù, àti Python. Àyàfi sẹ́ńsọ̀ yẹn nìkan ló lè wọ́n yín lówó.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ ibi tí omi yín dúró sí

Reynolds number lẹ máa fi mọ̀ ọ́n: eré omi, ẹ fi fífẹ̀ inú páìpù sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ fi kíki omi (kinematic viscosity) pín in. Osborne Reynolds ló ṣe iṣẹ́ yìí ní Manchester lọ́dún 1883, ó jẹ́ kí aró máa ṣàn gba àárín omi inú páìpù dígí, ó sì rí i pé bí omi bá ń lọ díẹ̀díẹ̀ aró náà á nà gbọnrangandan, tó bá ti yá sí i aró á fọ́n ká, àti pé láàárín méjèèjì, rírú yẹn máa ń wá ní ìdì-ìdì, á kọjá, á tún dákẹ́. Ìdì yẹn làwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ń pè ní puff lónìí. Nínú páìpù, ìwádìí tó jáde lọ́dún 2011 fi hàn pé láti Reynolds bíi 2040 sókè ni puff ti ń pín sí méjì kíá ju bó ṣe ń kú lọ, ìyẹn ni pé rúdurùdu ti lè dúró fúnra rẹ̀.

Ẹ ò nílò flow meter láti mọ eré omi. Ẹ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì 10 lítà sẹ́nu páìpù, kẹ́ ẹ tẹ stopwatch orí fóònù. Tó bá kún ní ìṣẹ́jú 5 àti sẹ́kọ́ńdì 18, omi yín ń sá 0.1 m ní sẹ́kọ́ńdì kan. Ní 25°C, kíki omi jẹ́ 0.89 × 10⁻⁶ m²/s, torí náà Reynolds yín jẹ́ bíi 2250, ibi tí puff ti ń ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn.

Ibi tó ti ń dàrú rèé o. Táńkì dúdú tó wà lórí òrùlé, tí oòrùn ọ̀sán bá lù ú tó bẹ́ẹ̀ tí omi inú ẹ̀ fi dé 35°C, kíki omi á já wálẹ̀ sí bíi 0.72 × 10⁻⁶, Reynolds á sì fò lọ sí bíi 2780 láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan fáàfù, bẹ́ẹ̀ 2250 àti 2780 kì í ṣe ẹgbẹ́ rárá, ọ̀kan ní ìdì rúdurùdu tó ń kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan, ìkejì ti ń di rúdurùdu tó ń gbilẹ̀ gba gbogbo páìpù. Ẹni tó gba data láàárọ̀ ọyẹ́ tó tún wá gba òmíràn ní agogo méjì ọ̀sán, tó wá ń bi ara rẹ̀ pé kí ló dé tí gíráàfù méjèèjì ò jọra, thermometer ló yẹ kó bi. Ẹ ki thermometer bọ omi tó ń jáde, kì í ṣe táńkì, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ fún gbogbo fáìlì.

Ohun méjì kékeré sí i. Sẹ́ńsọ̀ gbọ́dọ̀ jìnnà sẹ́nu ibi tí omi ti wọlé, Reynolds lọ́nà fífẹ̀ páìpù lọ́nà 0.06 lẹ máa fi ṣírò rẹ̀, tiwa yìí jẹ́ bíi 2.7 m. Ìkejì, tí ẹnu ibẹ̀ bá dán jù tí omi sì wọlé ní pẹ̀lẹ́, ẹ lè má rí puff kankan, torí omi inú páìpù ò ní rú tí nǹkan kan ò bá tọ́ ọ. Àwọn kan tiẹ̀ ti ṣe é débi pé omi ṣì ń lọ jẹ́jẹ́ ní Reynolds 100,000. Ẹ fi nǹkan kékeré dí ẹnu ibẹ̀ díẹ̀ kó lè tọ́ omi.

Ìgbésẹ̀ kejì: kíka sẹ́ńsọ̀, àti wàhálà jẹnẹrétọ̀

Ẹ fi fífẹ̀ páìpù pín eré omi: 0.1 lórí 0.02, 5 Hz. Bí ìrúkèrúdò ńlá inú páìpù yẹn ṣe ń yára tó nìyẹn, àwọn kéékèèké sì ń yára jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Kíka sẹ́ńsọ̀ ní ìgbà 200 ní sẹ́kọ́ńdì kan tó fún iṣẹ́ yìí, àmọ́ kì í ṣe pé kẹ́ ẹ kàn fi board sí 200 kẹ́ ẹ máa gbà á lọ bẹ́ẹ̀.

Ìdí ni pé ohun tó bá ń yí ju ìdajì iye kíkà yín lọ kì í sọnù, ńṣe ló máa ń padà wá pẹ̀lú aṣọ ẹlòmíì. Gbogbo wa la mọ bí iná ṣe rí. Tẹ́ ẹ bá ń lo jẹnẹrétọ̀ tó ń sá ní 51.5 Hz, ìlọ́po kẹta rẹ̀ jẹ́ 154.5 Hz, tẹ́ ẹ bá ń kà á ní 200, ó máa yọjú sí 45.5 Hz lórí gíráàfù yín bíi pé inú omi ló ti wá. Tí ẹnì kan bá wá tan fíríìjì ní yàrá kejì, eré jẹnẹrétọ̀ á wálẹ̀ díẹ̀, òkè yẹn á sún kúrò níbi tó wà, ẹ ó wá kọ sínú project pé ẹ rí ìgbì tó ń yí frequency padà. Ìgbì jẹnẹrétọ̀ ni o.

Bí mo ṣe máa ń ṣe é: ẹ fi resistor 10 kΩ àti capacitor 0.22 µF sáàárín sẹ́ńsọ̀ àti board, ìyẹn máa ń gé e láti bíi 72 Hz lọ sókè, kẹ́ ẹ wá kà á ní 2000 ní sẹ́kọ́ńdì, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ fi decimate inú scipy, àkójọ irinṣẹ́ ìṣirò Python, sọ ọ́ di 200. Ẹ lo bátìrì fún sẹ́ńsọ̀ àti láptọ́ọ̀pù nígbà tẹ́ ẹ bá ń gba data, ẹ yọ charger. Fílítà tó wà nínú kọ̀ǹpútà ò lè tún data tó ti dàrú báyẹn ṣe, ohun tó ti wọlé ti wọlé.

Báwo ló ṣe yẹ kó pẹ́ tó? Puff kan gùn tó ìlọ́po 20 sí 30 fífẹ̀ páìpù, nínú tiwa ìyẹn jẹ́ 0.4 sí 0.6 m, á sì gbà tó sẹ́kọ́ńdì 4 sí 6 kó tó kọjá níwájú sẹ́ńsọ̀. Data ìṣẹ́jú kan ò lè ní ju puff bíi mélòó kan lọ. Ẹ gbà tó ogún ìṣẹ́jú, ó kéré tán.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ fi ojú wò ó

Ẹ ya gíráàfù signal yẹn bó ṣe rí, sẹ́kọ́ńdì 60 lẹ́ẹ̀kan, ẹ máa yí i lọ títí á fi parí. Ó ń súni, mo mọ̀, àmọ́ kò sí ìṣirò tó lè rọ́pò rẹ̀. Ibi tó tẹ́jú, ibi tó kún fún irun-irun, ẹ ó máa dá wọn mọ̀. Tẹ́ ẹ bá rí i pé gbogbo ìlà ń rọra sọ̀kalẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, omi táńkì ló ń lọ sílẹ̀, prẹ́ṣọ̀ ń dín kù. Ẹ ṣe ihò sẹ́gbẹ̀ẹ́ táńkì kí omi tó pọ̀ jù máa tú dànù, kí ibi tí omi ga dé má yẹ̀.

Lẹ́yìn náà ẹ gé data sí ọ̀nà mẹ́wàá, ẹ ṣírò ávẹ́réèjì àti standard deviation ti ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tí wọ́n bá ń tò lẹ́yìn ara wọn lọ sókè tàbí sísàlẹ̀, nǹkan kan ń yí padà nínú ìdánwò yín. Ẹ wo kurtosis náà, nọ́ńbà tó ń sọ bí signal ṣe ń ta jìnnà sí ávẹ́réèjì rẹ̀ tó. Signal tó pín bí agogo máa ń ní 3, ti omi tó ń rú ní ìdì-ìdì máa ń ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí ó ń pẹ́ níbi tó rọlẹ̀, ó sì ń ta sókè lójijì.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: iye data tó jẹ́ data lóòótọ́

240,000 nọ́ńbà lẹ ní fún ogún ìṣẹ́jú, àmọ́ ẹ má jẹ́ kó tàn yín jẹ, torí nọ́ńbà tó tẹ̀ léra fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ohun kan náà. Ẹ ṣe autocorrelation, ìyẹn kẹ́ ẹ fi signal wé ara rẹ̀ lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ẹ ṣírò ibi tí ìrántí signal náà gùn dé. Níbi tí puff wà, kì í ṣe ìrúkèrúdò kéékèèké ló ń pinnu ìyẹn, puff fúnra rẹ̀ ni, ó lè tó sẹ́kọ́ńdì 5. Ẹ fi ìlọ́po méjì rẹ̀ pín 1200 sẹ́kọ́ńdì, 120 ló máa jáde. Àṣìṣe orí ávẹ́réèjì yín wá jẹ́ standard deviation tẹ́ ẹ fi square root 120 pín, bíi ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ ya èyí tó rú kúrò lára èyí tó rọlẹ̀

Ẹ fara balẹ̀ níbí. Ohun tó máa kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn ni pé kéèyàn fa ìlà kan lórí prẹ́ṣọ̀, ohun tó bá ga ju ìlà lọ ni puff. Kò ní ṣiṣẹ́. Omi tó rú ń fa ara rẹ̀ lára páìpù ju èyí tó ń lọ jẹ́jẹ́ lọ, nígbà tí puff bá wà níbikíbi nínú páìpù, eré gbogbo omi á dín díẹ̀, prẹ́ṣọ̀ ibi tí sẹ́ńsọ̀ yín wà á yí padà bí puff ọ̀hún ò tiẹ̀ tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Irun-irun inú signal lẹ máa lé, ẹ fi ti gíga rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ lo fílítà Butterworth, butter pẹ̀lú sosfiltfilt, kẹ́ ẹ gé ohun tó wà nísàlẹ̀ 1 Hz kúrò. Ohun tó kù, ẹ sọ ọ́ di square. Ẹ wá fi ávẹ́réèjì tó ń rìn, tó gùn tó ìdajì sẹ́kọ́ńdì, tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ. Ẹ ó rí ìlà kan, ìlà agbára ni màá máa pè é, tó máa ń ga níbi tí omi ti rú tó sì máa ń lẹ̀ mọ́lẹ̀ níbi tó ti rọ. Tó bá ga ju ààlà tẹ́ ẹ yàn lọ, ẹ kọ 1, tí kò bá tó o, ẹ kọ 0.

Ààlà wo? Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń yan èyí tó wù wọ́n, examiner tó bá mọṣẹ́ á sì mú wọn níbẹ̀. Ẹ yí fáàfù wálẹ̀ títí eré omi á fi di bíi 0.067 m/s, ìyẹn Reynolds 1500, tí puff kankan ò lè gbé. Ẹ gba data ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ fi fílítà kan náà bá a ṣe. Ohun tẹ́ ẹ rí níbẹ̀ kì í ṣe omi, ariwo sẹ́ńsọ̀ àti wáyà ni. Ààlà yín gbọ́dọ̀ ga ju orí ariwo yẹn lọ. Lẹ́yìn náà ẹ gbìyànjú ààlà oríṣiríṣi, ẹ ya gíráàfù iye 1 tó jáde fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ibi kan máa wà tí gíráàfù yẹn á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́jú, tí yíyí ààlà síbí sọ́hùn-ún ò fi bẹ́ẹ̀ yí èsì padà, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ dúró. Tí kò bá síbi tó tẹ́jú rárá, sẹ́ńsọ̀ yín ò gbọ́ omi dáadáa, ẹ padà lọ sí ìgbésẹ̀ kejì.

Ẹ nu àwọn 1 tí ò tó ìdajì sẹ́kọ́ńdì kúrò, ìyẹn kì í ṣe puff. Ẹ wá ya 0 àti 1 yẹn lé orí signal àkọ́kọ́, ẹ fi ojú yẹ̀ ẹ́ wò.

Ávẹ́réèjì 0 àti 1 yẹn ni wọ́n ń pè ní intermittency: tí 420 sẹ́kọ́ńdì bá jẹ́ 1 nínú 1200, 0.35 nìyẹn. Nọ́ńbà kan ṣoṣo yìí, tẹ́ ẹ bá yà á fún Reynolds bíi mẹ́jọ láti 1900 dé 2800, ó wúlò ju ogún gíráàfù FFT lọ. Ẹ ka gígùn puff kọ̀ọ̀kan àti àlàfo àárín wọn náà, ẹ ya histogram méjèèjì. Kì í ṣe páìpù nìkan ló rí báyìí o. Lórí pákó tó tẹ́jú, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Emmons ti rí i lọ́dún 1951 pé rúdurùdu máa ń bẹ̀rẹ̀ ní àbàwọ́n-àbàwọ́n kó tó gba gbogbo ilẹ̀, ọ̀nà 0 àti 1 yìí kan náà lẹ máa fi kà á.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: spectrum, nígbà yìí ló tó yá

Spectrum ni gíráàfù tó ń fi agbára frequency kọ̀ọ̀kan hàn. Welch ni kẹ́ ẹ fi ṣe é, ọ̀nà tó ti wà látọdún 1967, ẹ má lo FFT ẹyọ kan fún gbogbo data. Ó ń gé signal sí wẹ́wẹ́, ó ń ṣe FFT fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó wá ń wá ávẹ́réèjì wọn. Fún gbogbo data pọ̀, nperseg (iye nọ́ńbà inú gígé kọ̀ọ̀kan) 2048 máa fún yín ní ìlà kan ní gbogbo 0.1 Hz àti ju 230 gígé lọ, tí ọ̀kan bá gun èkejì dé ìdajì. Àmọ́ èyí tẹ́ ẹ fẹ́ gan-an ni spectrum inú puff nìkan àti spectrum ibi tó rọlẹ̀ nìkan. Puff ò gùn, torí náà ẹ dín nperseg kù sí 512, sẹ́kọ́ńdì 2.56, kẹ́ ẹ mú puff tó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ nìkan. Ẹ má rán puff pọ̀ mọ́ ara wọn kó dà bí ìlà kan, ojú ibi tẹ́ ẹ ti rán an máa ń já lójijì, ó sì máa ń da agbára irọ́ sí gbogbo frequency.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: gbogbo ohun tó wà lábẹ́ ìlà spectrum, tẹ́ ẹ bá rò ó pọ̀, gbọ́dọ̀ sún mọ́ variance signal. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, scaling lẹ ṣì.

Ní ti −5/3 tí gbogbo èèyàn ń wá, ìyẹn bí ìlà spectrum ṣe ń dagun sísàlẹ̀ lórí gíráàfù log-log. Inú èrò Kolmogorov ọdún 1941 ló ti wá, fún eré omi níbi tí Reynolds ti ga gan-an. Ní 2250 kò sáàyè fún un láti yọjú, ẹni tó bá fi rúlà fa ìlà −5/3 sórí irú gíráàfù yẹn ń fi ipá wá a ni. Sẹ́ńsọ̀ tiwa sì jẹ́ ti prẹ́ṣọ̀, tí Reynolds bá tiẹ̀ ga, −7/3 ni ìṣirò yẹn ń sọ fún prẹ́ṣọ̀, kì í ṣe −5/3. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ yí frequency sí gígùn, èrò Taylor ọdún 1938 lẹ máa lò, pé omi ń gbé ìrúkèrúdò kọjá níwájú sẹ́ńsọ̀ bó ṣe wà. Ó dáa tí rírú bá kéré sí eré omi, ní ẹ̀gbẹ́ páìpù ó máa ń yẹ̀.

Ìgbésẹ̀ keje: wavelet, fún ẹni tó nílò rẹ̀

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ ìgbà tí frequency kan wọlé àti ìgbà tó jáde, wavelet Morlet dáa: ìgbì kúkúrú ni, tẹ́ ẹ máa ń sún lórí signal láti mọ frequency tó wà níbẹ̀ ní ìgbà kọ̀ọ̀kan. Ibi tó ti wúlò jù ni atẹ́gùn lórí pákó pẹlẹbẹ, níbi tí ìgbì Tollmien-Schlichting ti máa ń dàgbà díẹ̀díẹ̀ kó tó fọ́ di rúdurùdu. Ẹ ó rí ọ̀já tó mọ́ ní frequency kan, tó ń nípọn, tó wá tú ká lójijì lọ sókè. cwt tó wà nínú scipy.signal tẹ́lẹ̀ ti kúrò láti version 1.15, PyWavelets ni kẹ́ ẹ gbé. Ẹ má ka ohun tó wà létí gíráàfù lápá òsì àti ọ̀tún sí òótọ́, data ti tán níbẹ̀. EMD àti Hilbert-Huang, ọ̀nà míì tó ń tú signal sí ìgbì wẹ́wẹ́, náà wà, gíráàfù wọn máa ń rẹwà, ṣùgbọ́n ariwo díẹ̀ ló ń yí èsì wọn padà, èmi ò ní fi project mi lé e lórí.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: sẹ́ńsọ̀ méjì

Ẹ fi ìkejì sí 0.5 m sísàlẹ̀ àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ ṣe cross-correlation ìlà agbára ìgbésẹ̀ karùn-ún, ìyẹn kẹ́ ẹ wá iye ìgbà tí ti ìkejì fi pẹ́ lẹ́yìn ti àkọ́kọ́, ẹ má ṣe ti prẹ́ṣọ̀ gbẹrẹfu. Òkè rẹ̀ yẹ kó yọ ní bíi sẹ́kọ́ńdì 5, torí eré puff ò jìnnà sí ávẹ́réèjì eré omi. Tẹ́ ẹ bá rí òkè ńlá ní 0 gan-an, iná tàbí gbígbọ̀n tábìlì ló dé ọ̀dọ̀ sẹ́ńsọ̀ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹni tó bá ní kámẹ́rà tàbí PIV (ẹ̀rọ tó ń fi àwòrán wọn eré omi) lè lọ sí POD, tí Lumley mú wá sínú iṣẹ́ yìí lọ́dún 1967, tàbí DMD tí Schmid kọ lọ́dún 2010. POD ń to àwòrán ìrìn omi bí agbára wọn ṣe pọ̀ tó, DMD ń fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní frequency tirẹ̀. Ẹ má po àwòrán ìgbà tó rú pọ̀ mọ́ tìgbà tó rọlẹ̀ níbẹ̀ náà.

Tẹ́ ò bá ní páìpù: ẹ lọ sí Ìkógòsì

Ibi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé níbẹ̀ jẹ́ lab lọ́tọ̀, ẹ kàn nílò sẹ́ńsọ̀ ìgbóná kékeré. Tí sẹ́ńsọ̀ yín bá ń gba sẹ́kọ́ńdì kan kó tó gbọ́ ìyípadà, ohun tó bá yára ju bíi 0.16 Hz lọ á ti máa dín kù lójú rẹ̀, thermocouple tín-ín-rín tó ń gba ìdá kan nínú mẹ́wàá sẹ́kọ́ńdì á gbé yín dé 1.6 Hz. Ẹ dán ìyẹn wò nílé kẹ́ ẹ tó lọ, ẹ mú un láti inú omi tútù ki bọ omi gbígbóná, kẹ́ ẹ wo bó ṣe ń gun òkè.

Ẹ gba àṣẹ lọ́dọ̀ àwọn tó ń bójú tó ibẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi sẹ́ńsọ̀ síbi tí omi méjèèjì ti pàdé gan-an, ẹ gba data fún ogún ìṣẹ́jú, lẹ́yìn náà ẹ sún un lọ sísàlẹ̀ ní mítà kan-kan. Ẹ ya histogram fún ibì kọ̀ọ̀kan. Lókè, ẹ retí òkè méjì, ọ̀kan fún gbígbóná, ọ̀kan fún tútù, níbi tí ávẹ́réèjì bọ́ sáàárín méjèèjì tí omi ò sì fi bẹ́ẹ̀ ní irú ìgbóná yẹn. Bẹ́ ẹ ṣe ń sún lọ sísàlẹ̀, òkè méjì yẹn á máa súnmọ́ra títí wọ́n á fi di ẹyọ kan. Mítà tí wọ́n ti di ẹyọ kan ni kẹ́ ẹ kọ sílẹ̀, láti ibẹ̀ lọ sísàlẹ̀ lẹ ti lè lo Welch lórí gbogbo data láìyà á sọ́tọ̀.